Ọba Aládé Wà Nílùú Wa, Kí Ló Dé Tí Káńsù Fi Ní Abúlé Ni Wá?

Òǹkàwé kan kọ lẹ́tà yìí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ọba tó ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀ ló ń jọba lórí wa. A ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ gírámà méjì àti ilé ìwòsàn kékeré kan. Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò mi lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, orúkọ ìlú tí káńsù wà ni wọ́n kọ sí i, ìlú tí kò tó tiwa í tóbi. Akọ̀wé ibẹ̀ ní abúlé ni wá nínú ìwé ìjọba. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìjọba àpapọ̀ ló yẹ ká lọ bẹ̀ kó sọ wá di 'city', ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti ń dá owó tí wọ́n máa gbé lọ sí Àbújá. Àwọn kan ní kí gómìnà kàn dá ìjọba ìbílẹ̀ tiwa sílẹ̀ bí wọ́n ti ṣe l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà wo ni ká gbà?"

Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ṣì fi owó náà pamọ́ ná. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun méjì ló ń dùn yín. Ẹ fẹ́ kí orúkọ ìlú yín hàn lórí ìwé tí ọmọ yín bá gbà, ẹ sì fẹ́ kí káńsù tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìyálọ́jà yín máa tún gọ́tà ọjà náà ṣe. Ojútùú méjèèjì kò sí níbì kan náà. Ohun tó lọ́ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ni pé òṣùwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ibùgbé ènìyàn ní Nàìjíríà: òṣùwọ̀n adé, òṣùwọ̀n orí ènìyàn, àti òṣùwọ̀n ìwé òfin. Kò sí èyí tó ń bi èkejì léèrè kó tó sọ tirẹ̀. Ibì kan lè jẹ́ ìlú aládé lójú ìṣẹ̀dálẹ̀, kó jẹ́ ìgbèríko lójú àwọn tó ń ka ènìyàn, kí orúkọ rẹ̀ má sì sí rárá nínú ìwé òfin. Akọ̀wé yẹn kò purọ́ mọ́ yín, ojú kan ló fi wo ọ̀rọ̀ tó ní ojú mẹ́ta.

Ti adé ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló pẹ́ jù. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, abà ni ibi tí àgbẹ̀ ń sùn sí lẹ́bàá oko. Bí ìdílé mélòó kan bá kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n sì ní baálẹ̀, ó di abúlé tàbí ìletò, baálẹ̀ yẹn a sì máa wo ojú ọba tó ni ilẹ̀. Ìlú ni ibi tó ní ọba tirẹ̀, ààfin tirẹ̀, ọjà ọba níwájú ààfin àti àwọn tó ń fi ọba jẹ. Iye ènìyàn kọ́ ló pààlà sáàárín wọn. Ìbàdàn ti di ìlú rẹpẹtẹ nígbà tí olórí rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Baálẹ̀. Ọdún 1936 ni orúkọ oyè náà tó di Olúbàdàn. Lóde òní, òfin oyè jíjẹ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí, inú òfin oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ti ọdún 1957, ni àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú tiwọn. Kí baálẹ̀ tó di ọba, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìjọba ìbílẹ̀ àti oyè jíjẹ yóò wádìí ìtàn ibẹ̀, yóò gbọ́ tẹnu àwọn tó takò ó, gómìnà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i. Ìwé tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ìwé ìkéde oyè, tó ń sọ ìdílé tó ń jọba, bí oyè ṣe ń yí ká láàárín wọn, àti àwọn tó jẹ́ afọbajẹ. Bí ọba yín bá ti ní ìwé yìí, kò sẹ́ni tó lè fi òṣùwọ̀n adé pè yín ní abúlé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí adé mú wá. Ọba ní owó oṣù, ó ní àga nínú ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba agbègbè rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì rèé, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba ìbílẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn lọ́balọ́ba láti pín láàárín ara wọn. Ó tán síbẹ̀. Ìwé òfin 1999 kò fún ọba kankan ní iṣẹ́ ìṣàkóso. Ọba kò lè ṣe ìṣúná owó ìjọba, kò lè gba òṣìṣẹ́ káńsù, kò lè sọ pé kí wọ́n wá la títì. Ìdí nìyẹn tí adé fi lè pọ̀ ní ìlú kan kí káńsù má sì tó wọn. Ní Abẹ́òkúta, Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ wà, Àgùrá wà, Olówu wà. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì péré ló ń jẹ́ orúkọ Abẹ́òkúta, Àríwá àti Gúúsù, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti ọba kan pàtó nínú méjèèjì.

Òṣùwọ̀n kejì, orí ènìyàn. Nígbà ìkànìyàn 1952 sí 1953, ibi tí ènìyàn rẹ̀ bá tó 5,000 ni wọ́n kà sí ìlú ńlá. Nígbà tó di 1963, wọ́n gbé e lọ sí 20,000, ọ̀kẹ́ kan géérégé, èyí ni wọ́n sì tún lò ní 1991. Ibi tí kò bá pé ọ̀kẹ́ kan, ìgbèríko ni, ọba ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ló ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún iṣẹ́ tiwọn, bíi láti mọ iye àwọn tó ń gbé ní ìlú ńlá àti ní ìgbèríko. Kò sí ọ́fíìsì tó ń bá a wá, kò sí alága, kò sí kọ́bọ̀. Òótọ́ ni pé iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀, ṣùgbọ́n iye ènìyàn inú ìjọba ìbílẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti ìlú kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń sọnù láìmọ̀. Aka-ènìyàn kì í mú orúkọ ìlú wá láti ilé. Àwòrán ilẹ̀ kékeré kan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, tí wọ́n ti pín sí ojú ibi tí òun nìkan máa kà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ọmọdé kan tó ń fọ abọ́, ó ní, "Níbo la ń pè níbí?" Ọmọ náà dárúkọ àdúgbò, tàbí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dárúkọ odidi ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan á di orúkọ mẹ́fà nínú ìwé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn, tí kò sì sí èyí tó súnmọ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹ tún wo ti àwọn ọmọ yín tó wà nílùú òkèèrè: ibi tí wọ́n bá wọn ni wọ́n ti máa kà wọ́n, àyàfi tí wọ́n bá wálé. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ni ti 2006, tó ní ènìyàn 140,431,790 ló wà ní Nàìjíríà; wọ́n múra èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Nítorí náà, nọ́ńbà tí akọ̀wé yẹn ń wò, bó bá tiẹ̀ ń wo nọ́ńbà kankan, ó ti gbó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Reading pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú. Òtítọ́ ló sọ nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: lọ́hùn-ún, ọba tàbí ọbabìnrin wọn ló ń fi ìwé sọ ibì kan di 'city'. Iye ènìyàn kọ́ ni wọ́n ń wò. Wells, ìlú kékeré kan tó ní ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù, jẹ́ 'city'. Milton Keynes gba tirẹ̀ ní 2022. Reading tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé gan-an tọrọ rẹ̀ ní ọdún kan náà, kò rí i gbà. Àwọn tó rí i gbà pàápàá, orúkọ ni wọ́n gbà, kò sí owó nínú rẹ̀, kò sì sí àṣẹ tuntun. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó ń fún ni ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Benin City: 'city' wà lára orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí káńsù tó ń jẹ́ Benin City. Oredo, Egor àti Ikpoba-Okha ló pín in láàárín ara wọn. Ẹni tó bá gba owó yín ní Àbújá pé òun máa bá yín gba oyè 'city', ohun tí kò sí lórí àtẹ ló tà fún yín.

Òṣùwọ̀n kẹta ló ni owó, òun ló sì ni àṣẹ. Abala kẹta ìwé òfin 1999, ní ẹsẹ kẹfà, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ 768 ló wà ní àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú káńsù agbègbè mẹ́fà ní Àbújá, àpapọ̀ 774. Orúkọ wọn wà ní títò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìwé náà. Ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ìpele mẹ́ta náà nìyẹn. Lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́ọ̀dù wà, 8,809 ni INEC kà jákèjádò orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kì í ṣe ìjọba, ibi tí kánsẹ́lọ̀ kan ti ń wá ni. Ẹ wò ó dáadáa: ìlú kò sí nínú àtẹ̀gùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni abúlé kò sí níbẹ̀. Ìlú tí káńsù yín wà gan-an, kò sí òfin tó ní ìlú ni, kò sì sí èyí tó ní ó ju yín lọ. Ilé káńsù ló gbàlejò, ohun tó fi jù yín nìyẹn.

Báwo ni ilé káńsù ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn tí kò dé ọ̀dọ̀ yín? Ní 1976, ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n sì fi ojú wò ó pé kí ènìyàn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín 150,000 sí 800,000. Ìlú tí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n so ó mọ́ àwọn ìlú tó yí i ká, wọ́n sì mú ọ̀kan nínú wọn fún ibùjókòó. Ìjọba ìbílẹ̀ 301 ni wọ́n rí nígbà náà. Ó di 449 ní 1989, ó di 589 ní 1991, ó di 774 ní 1996. Àṣẹ ológun ni gbogbo ìyẹn, òru kan ni wọ́n ń yà á, àárọ̀ ni ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Láti 1999 tí alágbádá ti gbà á, ẹyọ kan kò tíì kún un. Ìlànà ayé ológun yìí ló ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà ìlú yín tí wọ́n fi ń ronú Àbújá.

Bí ìlú kò ṣe sí nínú òfin yìí, kì í ṣe àwọn kékeré nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà lẹ́yìn odi. Láti 1991 tí wọ́n ti fọ́ káńsù ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún, kò sí ọ́fíìsì kan ní gbogbo ayé tó ń ṣàkóso Ìbàdàn bí ìlú kan. Odò Ògùnpa, tó ya bo ìlú ní 1980, kò mọ ààlà káńsù. Alága kan lè kó ilẹ̀ inú rẹ̀ ní apá tirẹ̀ kí ìdọ̀tí ti òkè tún ṣàn wá dí i lọ́sẹ̀ kejì. Ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn. Èkó ní mẹ́yọ̀ rí ní 1950, Dókítà Olorun-Nimbe, ipò náà kò sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin yàtọ̀ sí wa nínú èyí: kọ́múùnù 77 ni wọ́n pín ilẹ̀ sí, Kétu jẹ́ ọ̀kan, Sakété jẹ́ ọ̀kan, Pobè jẹ́ ọ̀kan, kálukú ní mẹ́yọ̀ tirẹ̀, abúlé àti àdúgbò sì ní olórí tí òfin mọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá bèèrè ẹni tó ń ṣàkóso Kétu yóò rí ẹnì kan tí wọ́n máa nawọ́ sí. Alákétu kọ́ ni ẹni náà o, ọ̀tọ̀ ni ọba, ọ̀tọ̀ ni mẹ́yọ̀.

Ó wá kan ti Èkó tí àwọn ènìyàn yín ń tọ́ka sí. Ní 2002, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó fi ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀, ó di 57, wọ́n sì dìbò sínú wọn ní 2004. Ìjọba àpapọ̀ ní ìwé òfin kò mọ̀ ju 20 lọ, wọ́n sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá 2004: dídá wọn sílẹ̀ kò lòdì sófin, àmọ́ kò tíì pé, àyàfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe tiwọn lórí orúkọ inú ìwé òfin. Títí di òní, wọn kò tíì ṣe é. Èkó wá yí orúkọ àwọn 37 náà padà sí LCDA, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀. Ọ̀yọ́ dá 35 irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Oǹdó dá 33. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, gómìnà lè fún yín ní LCDA. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbà.

LCDA kò ní owó tirẹ̀ láti àpò àpapọ̀. Owó ìyá ni ọmọ ń jẹ. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ń rí 300 mílíọ̀nù náírà lóṣù (àpẹẹrẹ lásán ni mo fi nọ́ńbà yìí ṣe), tí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì sì ń kó 220 lọ. 80 ló kù fún gọ́tà, ọjà àti oògùn. Bí ẹ bá là á sí méjì, 300 kò di 600. Alága tuntun máa dé, igbákejì, akọ̀wé, àwọn olùdarí ẹ̀ka, mọ́tò àti ilé tí wọ́n máa rẹ́ǹtì, inú 80 yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti máa jáde. Ibi tí ọjà ńlá wà, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó kíósì àti owó gáréèjì ń wọlé dáadáa, LCDA máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí gbogbo ọkàn wà lára owó Àbújá, ilé onígèètì kan pẹ̀lú pátákó tuntun ló sábà ń kù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ́fíìsì súnmọ́ yín, ẹ kò sì ní máa wọ mọ́tò lọ gba fọ́ọ̀mù. Ewu rẹ̀ ni pé òfin ìpínlẹ̀ ló gbé e dúró, gómìnà tó ń bọ̀ lè fi òfin mìíràn wó o.

Èyí tó jẹ́ ojúlówó, abala kẹjọ ìwé òfin ló sọ ọ̀nà rẹ̀, ọ̀nà náà sì gùn. Wọn kò lè gbé àbá òfin kankan wọlé láìjẹ́ pé ìbéèrè kọ́kọ́ dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ṣojú agbègbè yín sì ti fọwọ́ sí i, nínú ilé náà àti nínú káńsù. Lẹ́yìn náà ni ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ gbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣubú: gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ ló máa dìbò, ìlú yín nìkan kọ́. Ìlú tó gba káńsù lálejò wà níbẹ̀, àwọn abúlé tí kò fẹ́ kí wọ́n so àwọn mọ́ yín náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ìdajì ènìyàn inú rẹ̀, tí gbogbo yín sì jáde, ẹ kò tíì dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, èsì ìdìbò yóò lọ yí gbogbo káńsù ìpínlẹ̀ ká, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà á. Ní Ọ̀yọ́ tó ní 33, mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Kó tó padà sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ fún ìdá méjì nínú mẹ́ta mìíràn. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan Àbújá, níbi tí tàwọn ará Èkó há sí. Nínú gbogbo àtẹ̀gùn yìí, ìkẹyìn pátápátá ni Àbújá, ẹ̀yin sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ẹ tún ronú nípa ibùjókòó kí ẹ tó ronú nípa orúkọ. Ìjà lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ máa wà ló tún dá ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ní ọdún kan náà, ní Warri, gbígbé ibùjókòó láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn Ijaw àti Ìtsẹ̀kírì. Ilé káńsù kan péré ni o. Bí ìlú mẹ́ta bá máa wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ fẹ́ tọrọ, ẹ jókòó tì í kí ẹ fẹnu kò sórí ibi tó máa wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́.

Nígbà tí ìyẹn bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí káńsù tó wà nílẹ̀ sinmi. Àfikún Kẹrin ìwé òfin to iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, ibi ìsìnkú, títì abẹ́lé àti gọ́tà rẹ̀, iná ojú pópó, kíkó ilẹ̀, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera, àwọn àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìlú ló ń kú sínú fáìlì nítorí pé ọ̀nà ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ alága. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni títì yín: èyí tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sábà ń jẹ́, èyí tó so ìlú ńlá mọ́ ìlú ńlá, ti ìpínlẹ̀ ni, èyí tó wọ inú ọjà yín àti àwọn abà, ti káńsù ni. Gọ́tà ọjà tí káńsù ń gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sí àwáwí kankan fún un.

Wọ́n á sọ fún yín pé kò sówó, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ di mú kọjá, èyí tí abala 162 ìwé òfin ṣètò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé e, owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń jẹ púpọ̀ nínú owó náà. Síbẹ̀, ẹ rí i pé orí ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìdájọ́ yìí dúró lé. LCDA kò sí nínú rẹ̀.

Ti ìwé ẹ̀rí àbúrò yín kò le tó bí ẹ ṣe rò. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé yí. Àyè orúkọ ìlú ọ̀tọ̀ ni, ohun tí ẹni tó wá gbà á bá mú wá ni wọ́n sì ń kọ síbẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan kan wá, akọ̀wé á kọ èyí tó rọrùn fún un. Kó padà lọ pẹ̀lú lẹ́tà láti ààfin, tí ọba tàbí akọ̀wé ààfin fọwọ́ sí, àti lẹ́tà kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Bí káńsù bá ṣì kọ̀, kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀wé sí olórí òṣìṣẹ́ káńsù, kí wọ́n bèèrè fún ìdáhùn lórí ìwé. Ìlànà káńsù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ nínú èyí, torí náà ẹ gba fọ́ọ̀mù tiwọn kí ẹ kà á kí ẹ tó bá wọn jà.

Fún ohun ńlá, wọ́ọ̀dù ni agbára yín wà. Ìlú tó ní kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, alága kò lè ṣe ìṣúná owó kó má bá a sọ̀rọ̀. Ìlú tó ní ọ̀kan, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú forúkọ CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní káńsù, torí ẹgbẹ́ tí kò sí lórí ìwé wọn kì í rí ìpè sípàdé. Oṣù Kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà tó bá wọlé ní oṣù Kọkànlá ti pẹ́. Oṣù Kẹjọ ni kí ẹ fi sí i, kí ohun tí ẹ ń bèèrè má ju méjì lọ, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀, "gọ́tà 150 mítà láti ẹnu ọjà dé afárá", kì í ṣe "ìdàgbàsókè ìlú wa". Ẹ tọrọ ọ́fíìsì káńsù kékeré kan nínú ìlú yín, tí òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta á máa jókòó sí. Alága lè ṣe ìyẹn láìsí òfin tuntun. Kí ẹ sì lo díẹ̀ nínú owó tí ẹ dá láti kọ orúkọ gbogbo àdúgbò àti abà yín sílẹ̀ lọ́nà kan ṣoṣo, orúkọ ìlú ṣáájú, orúkọ àdúgbò tẹ̀ lé e, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àjọ ìkànìyàn ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọdé nílé pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò, ẹ tọrọ àkójọ wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ yín. Àkójọ ọdún yìí ni kí ẹ gbà, torí INEC gbé ibùdó ìdìbò láti 119,974 lọ sí 176,846 ní 2021, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti yí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fi bírò yí gbogbo ibùdó tó wà nínú ìlú yín ká, kí ẹ wá wo iye wọ́ọ̀dù tí wọ́n bọ́ sí. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti la ìlú sí méjì, tí wọ́n so ìdajì kan mọ́ àwọn abà tó wà lódìkejì odò, tí ìdajì kejì sì wà lábẹ́ wọ́ọ̀dù ìlú tí káńsù wà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́.